ILÉ NI TÀBÍ ILÉ-ÌWÉ? TA NI YÓÒ KỌ́ ỌMỌ WA NÍPA ARA RẸ̀?

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí, ọ̀rọ̀ tí ojú máa ń ti ọ̀pọ̀ nínú wa láti sọ ni. Bí a bá dá a sílẹ̀ níbi tí tọkùnrin tobìnrin jókòó sí, àwọn kan á tẹjú mọ́lẹ̀, àwọn kan á rẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn á ní kí àwọn ọmọdé bọ́ síta. Ọ̀rọ̀ nípa ara ni, nípa bí ọmọ ṣe ń di àgbà, nípa ọkùnrin àti obìnrin, nípa oyún àti ọmọ bíbí. Ìbéèrè tí ó wà nídìí rẹ̀ ni pé: ó ha yẹ kí olùkọ́ máa kọ́ àwọn ọmọ wa ní irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ nílé-ìwé? Bí ó bá yẹ, iṣẹ́ wo ni ó kù fún àwa òbí?

OHUN TÍ OJÚ WA Ń RÍ

Ẹni tí ó bá ń gbé ní agbègbè Atakpamé mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin kan yege ìdánwò CEPD ní abúlé, inú bàbá rẹ̀ dùn, ó wọ CEG. Bí ó bá tún ṣe dáadáa, lísè ni ó kàn, ṣùgbọ́n kò sí lísè ní abúlé wọn. Wọ́n bá a gba yàrá sí ìlú, òun àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ méjì. Wọ́n dì í ní gàrí, àgbàdo àti epo, wọ́n fún un lówó díẹ̀, wọ́n ní kí ó mójú tó ìwé rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó pé, owó ti tán. Oní-zémidjan kan ní òun yóò máa gbé e lọ sílé-ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkùnrin kan tí ó tó bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ orí ra fóònù fún un. Kò sí ẹni tí ó ti sọ fún ọmọ yìí rí pé irú oore bẹ́ẹ̀ ní owó tí a ń san lé e lórí. Nígbà tí ìdánwò yóò fi kù sí dẹ̀dẹ̀, aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ kò wọ̀ ọ́ mọ́.

Ohun tí ojú rí nìyẹn. Ìṣirò pẹ̀lú wà. Nínú ìwádìí ńlá tí ìjọba Togo ṣe ní 2013 sí 2014 lórí ìlera àwọn ìdílé, nínú ọmọbìnrin 100 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 19, bí 17 ni wọ́n ti bímọ tàbí tí wọ́n wà nínú oyún. Ẹ kà á lọ́nà mìíràn: nínú ọmọbìnrin 6, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹnì 1. Ti abúlé sì pọ̀ ju ti ìlú lọ. Àwọn ọmọ tí à ń wí yìí, àwa ni a bí wọn. Nínú wọn ni a ti rí àwọn tí ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin wa, àwọn tí wọ́n sì jókòó níwájú kátíkísì fún ẹ̀kọ́ ìfìdímúlẹ̀.

OHUN TÍ ÒFIN ṢE ÀTI OHUN TÍ KÒ LÈ ṢE

Ọ̀pọ̀ òbí kò mọ ìtàn òfin lórí ọ̀rọ̀ yìí ní orílẹ̀-èdè wa, ó sì yẹ kí wọ́n mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá 1978, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ẹ̀kọ́ fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn ilé-ìwé pé ọmọbìnrin tí ó bá lóyún kò gbọdọ̀ wá sí kíláàsì mọ́. Bóyá èrò àwọn tí wọ́n kọ ọ́ ni pé ìbẹ̀rù yóò mú kí àwọn ọmọ ṣọ́ra. Ṣùgbọ́n ta ni ìyà náà jẹ? Ọmọbìnrin ni. Ọmọkùnrin tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì kan náà lè jókòó síbẹ̀ kí ó máa kàwé lọ. Bí ó bá sì jẹ́ olùkọ́ ni ó fún un lóyún, olùkọ́ náà lè dúró síwájú pátákó pẹ̀lú ẹfun lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún 1984, ìjọba ṣe òfin tí ó dáàbò bo àwọn ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ilé-ìwé tàbí níbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Láti ìgbà náà ni ẹni tí ó bá fún ọmọ ilé-ìwé lóyún ti ní ẹjọ́ láti jẹ́ níwájú ìjọba. Òfin dára, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí a ti ń parí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní abúlé: wọ́n á pe àwọn àgbà, wọ́n á mu ọtí, ìdílé ọkùnrin á mú owó díẹ̀ àti aṣọ wá, ọ̀rọ̀ á sì tán. Fún ọmọbìnrin náà, kò tán.

Ìwé ti 1978 yẹn wà fún ohun tí ó lé ní ọdún 43. Ní 2022 ni ìjọba fagi lé e, tí wọ́n sì ní kí ọmọbìnrin tí ó bá lóyún lè máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 2 oṣù kejìlá ọdún kan náà, òfin tuntun jáde tí ń dáàbò bo gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ìfipábánilòpọ̀ àti ìwà ìṣekúṣe. Kì í ṣe Togo nìkan ni irú ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Ní Sierra Leone, ìjọba lé àwọn ọmọ tí ó lóyún kúrò nílé-ìwé títí di ìgbà tí ilé-ẹjọ́ ECOWAS dá a lẹ́bi ní oṣù kejìlá 2019. Ní oṣù kẹta 2020 ni wọ́n tó gbà wọ́n padà.

A dúpẹ́ fún àwọn òfin wọ̀nyí. Síbẹ̀, òfin lè ṣí ilẹ̀kùn ilé-ìwé fún ọmọ tí ó ti lóyún, kò lè wọ yàrá lọ bá ọmọ sọ̀rọ̀ kí oyún tó dé. Ẹnu ènìyàn ni ó lè ṣe ìyẹn.

ṢÉ ÀWỌN BABA WA DÁKẸ́ NI?

Àwọn kan máa ń sọ pé nílẹ̀ wa, a kì í bá ọmọdé sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Ìyá àgbà tí ń pàlọ́ lálẹ́ mọ ohun tí òun ń kọ́ ọmọ nípa ojúkòkòrò àti nípa àlejò ẹlẹ́nu dídùn. Àǹtí tí ń di irun fún ọmọbìnrin tí ń bàlágà a máa rọra bi í ní ìbéèrè, a sì máa fún un lésì. Ọ̀rọ̀ ìbálé kò fara sin fún ẹnikẹ́ni: gbogbo ìdílé ni ó mọ ayọ̀ tí ń bẹ nínú ilé tí wọ́n bá bá ìyàwó nílé, wọ́n sì mọ ìtìjú tí ń bẹ níbi tí kò bá rí bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa kọ́ ọmọ. Ọ̀nà tiwọn ni wọ́n gbà.

Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ti yí padà. Èkíní ni pé nígbà náà, kò pẹ́ tí ọmọbìnrin bá bàlágà tí wọ́n fi ń gbé e fún ọkọ. Lónìí, òfin Togo sọ pé kò sí ìgbéyàwó fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ìyẹn sì dára. Ọmọ tí ara rẹ̀ yí padà ní ọdún 12 lè má gbéyàwó títí di ọdún 25. Ọdún 13 ni ó wà láàárín méjèèjì, ó sì ní láti gba inú rẹ̀ kọjá pẹ̀lú ara tí ó ti dàgbà àti ọgbọ́n tí kò tíì gbó. Àwọn baba wa kò rí irú ọdún 13 bẹ́ẹ̀ rí.

Èkejì ni pé ìyá àgbà kò sí nítòsí mọ́. Ọmọ wà ní ìlú, ìyá àgbà wà ní abúlé. Ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ lálẹ́ ni fóònù, fóònù yẹn sì ń fi ohun tí àgbàlagbà pàápàá kò yẹ kí ó wò hàn án. Àti pé, kí a sòótọ́, ẹ̀kọ́ àtijọ́ di gbogbo ẹrù lé ọmọbìnrin lórí. A ń bèèrè ìbálé lọ́wọ́ rẹ̀, ta ni ó bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ọmọkùnrin? Òfin kẹfà Ọlọ́run kò sọ pé ọmọbìnrin nìkan ni òun ń bá wí.

ÌBẸ̀RÙ ÀWỌN ÒBÍ

Bàbá kan lè sọ pé: “Bí ẹ bá kọ́ wọn, ẹ ó là wọ́n lójú, wọn yóò sì fẹ́ dán an wò.” Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe ti òmùgọ̀, ó yẹ kí a dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Èsì àkọ́kọ́ ni pé ojú wọn ti là. Ọmọ tí kò bá gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀ yóò gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀rẹ́, nínú fóònù, tàbí lẹ́nu ẹni tí ó fẹ́ tàn án jẹ. Èsì kejì ni pé àwọn ènìyàn ti wádìí rẹ̀. UNESCO, ẹ̀ka Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè tí ń rí sí ẹ̀kọ́, kó ìwádìí láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ jọ, wọ́n sì tẹ ìwé ìtọ́sọ́nà jáde ní 2009 àti 2018. Ohun tí wọ́n rí ni pé irú ẹ̀kọ́ yìí, bí a bá ṣe é dáadáa, kì í mú kí ọmọ tètè bẹ̀rẹ̀ ìbálòpọ̀. Òmíràn nínú wọn tilẹ̀ máa ń mú kí wọ́n dúró pẹ́ díẹ̀.

Ní Nàìjíríà, tí ọ̀pọ̀ àwọn ará wa ń gbé, wọ́n ti fi ẹ̀kọ́ nípa ìgbé ayé ìdílé àti àrùn éèdì sínú ìwé ilé-ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000. Síbẹ̀, ní oṣù kọkànlá 2022, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ wọn, Adamu Adamu, pàṣẹ pé kí wọ́n yọ ẹ̀kọ́ ìbálòpọ̀ kúrò nínú ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, ó ní ọ̀rọ̀ ilé àti ti ìsìn ni. Ẹ rí i pé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ síra wọn, Nàìjíríà ń yọ ẹ̀kọ́ kúrò, Togo ń ṣe òfin ààbò. Ọ̀rọ̀ tí mínísítà yẹn sọ ní òtítọ́ nínú: ọ̀rọ̀ ilé ni. Ṣùgbọ́n bí ilé bá dákẹ́, tí ilé-ìwé náà sì dákẹ́, ta ni yóò sọ̀rọ̀? Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

KÍ NI ÌYÁ ÌJỌ SỌ?

Àwọn kan rò pé Ìjọ Kátólíkì lòdì sí irú ẹ̀kọ́ yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá 1965, Ìgbìmọ̀ Váńtíkàn Kejì sọ nínú ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ pé bí àwọn ọmọ ti ń dàgbà, ó yẹ kí wọ́n gba ẹ̀kọ́ tí ó dára tí ó sì mọ́gbọ́n dání nípa ọ̀rọ̀ ọkùnrin àti obìnrin. Ní 1981, Póòpù John Paul Kejì kọ̀wé sí àwọn ìdílé pé òbí ni ó kọ́kọ́ ní ẹ̀tọ́ yìí, òun náà ni ó sì kọ́kọ́ jẹ gbèsè rẹ̀. Ilé-ìwé lè ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n lábẹ́ ojú òbí. Ní 1983, Róòmù kọ ìwé kan pàtó lórí bí a ó ti ṣe é. Ní 1995, wọ́n kọ òmíràn sí àwọn òbí. Ní 2016, Póòpù Francis yà apá kan sọ́tọ̀ fún un nínú ìwé rẹ̀ lórí ayọ̀ ìfẹ́ nínú ìdílé. Ó ní kí a sọ ọ̀rọ̀ náà ní àkókò tí ó yẹ, ní ọ̀nà tí ó bá ọjọ́ orí ọmọ mu, kí a má sì jẹ́ kí ó mọ sórí bí a ti ń dáàbò bo ara nìkan, bí ẹni pé ọ̀tá ni ọmọ tí a lè bí.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ibi tí ọ̀nà ti pínyà, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé a fi í pamọ́. Ẹgbẹ́ ATBEF ti ń ṣiṣẹ́ lórí ìfètò sọ́mọ bíbí ní Togo láti 1975, òfin ọjọ́ 10 oṣù kìíní 2007 lórí ìlera ìbímọ sì fi àyè sílẹ̀ fún oògùn àti ohun èlò tí Ìjọ kò fọwọ́ sí, gẹ́gẹ́ bí ìwé Póòpù Paul Kẹfà ní 1968 ti sọ. Ọmọ yín yóò gbọ́ nípa wọn. Bí ó bá gbọ́ wọn láìgbọ́ ohun tí Ìjọ gbà gbọ́ àti ìdí rẹ̀, ẹ̀yìn kan ni ó gbọ́. Ìdí nìyẹn tí òbí kò fi gbọdọ̀ dì í lé ilé-ìwé lọ́wọ́ kí ó lọ sùn. Ẹ lọ bá dírẹ́kítọ̀. Ẹ bi í pé: “Ẹ̀yin ọ̀gá, kí ni ẹ ń kọ́ wọn? Ta ni ń kọ́ wọn?” Ẹni tí ó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

ILÉ-ÌWÉ NÁÀ NÍ IṢẸ́ TIRẸ̀

Àwọn iṣẹ́ kan wà tí ilé-ìwé lè ṣe ju ilé lọ. Kì í ṣe gbogbo ìyá ni ó mọ bí ẹyin ọmọ ti ń jáde nínú ara obìnrin, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni ó ní ìyá nílé. Àwọn ọmọ òrukàn wà, àwọn tí òbí wọn ti lọ ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà wà. Ilé-ìwé nìkan ni ó lè kó gbogbo wọn jọ, kí òtítọ́ kan náà sì dé etí ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin.

Ṣùgbọ́n wíwo àwòrán inú ìwé, kí a dà á kọ, kí a sì kà á ní àkàsórí fún ìdánwò, ìyẹn nìkan kò tó. Ọmọ lè gba máàkì 18 lórí 20 nínú ẹ̀kọ́ náà, kí ó má sì mọ ohun tí yóò sọ fún ọkùnrin tí ó dúró dè é lójú ọ̀nà. Ó yẹ kí olùkọ́ kọ́ wọn bí a ti ń sọ pé “rárá”, bí a ti ń sá kúrò níbi ewu, àti ẹni tí a lè fẹjọ́ sùn. Olùkọ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ìwà rẹ̀ mọ́. Bí olùkọ́ bá ń bá ọmọ ṣe ìṣekúṣe nítorí máàkì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń fi ọtí parí. Ẹjọ́ ìjọba ni.

KÍ NI A Ó KỌ́ WỌN, NÍGBÀ WO?

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí ọmọ yóò ga jù yín lọ.

Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8: Ẹ kọ́ ọ pé ara rẹ̀ dára, Ọlọ́run ni ó dá a. Ẹ kọ́ ọ pé ibì kan wà lára rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, ìbáà ṣe àbúrò bàbá, ìbáà ṣe aládùúgbò. Bí ẹnì kan bá ṣe é, tí ó sì ní kí ó má sọ, kí ó sọ fún yín kíákíá, ẹ kò ní nà án.

Fún ọmọ ọdún 9 sí 12: Ẹ ṣàlàyé nǹkan oṣù fún ọmọbìnrin kí ó tó dé, nítorí àwọn kan máa ń rí i ní ọdún 9 tàbí 10. Ẹ sọ fún ọmọkùnrin pé ohùn rẹ̀ yóò yí padà, pé nǹkan lè jáde lára rẹ̀ lójú oorun, pé kì í ṣe àìsàn. Ẹ sọ fún un pẹ̀lú pé láti ìgbà náà lọ, ó lè sọ ọmọbìnrin di ìyá.

Fún ọmọ ọdún 13 sókè: Ẹ sọ òtítọ́ gbogbo. Ẹ̀ẹ̀kan péré lè mú oyún dé. Ọmọbìnrin lè lóyún kí ó tó rí nǹkan oṣù àkọ́kọ́. Àtọ̀ ọkùnrin lè wà láàyè nínú ara obìnrin fún ọjọ́ 5, nítorí náà kíka ọjọ́ lórí ìka láìmọ̀ ọ́n dájú kò gba ọmọ ilé-ìwé là. Fífi omi iyọ̀ tàbí ọsàn wẹwẹ wẹ ara kò lè dá oyún dúró. Ẹni tí ó ní kòkòrò àrùn éèdì lè sanra kí ó sì rẹwà. Ìwádìí 2013 sí 2014 yẹn rí i lára àgbàlagbà bí 2 tàbí 3 nínú 100 ní Togo. Ọmọbìnrin tí egungun ìdí rẹ̀ kò tíì gbó lè rọbí títí, kí ó sì ti ibẹ̀ gba àìsàn tí ìtọ̀ ń dà lára rẹ̀ láìdúró. Lẹ́yìn èyí, ẹ sọ fún un ìdí tí dídúró de ìgbéyàwó fi jẹ́ ọ̀nà ìyì, kì í ṣe ọ̀nà ìyà.

BÍ ÌYÁ ṢE LÈ BẸ̀RẸ̀

Ọ̀pọ̀ ìyá ń bi wá pé: “Ẹnu wo ni n ó fi sọ ọ́?” Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Ìyá àti ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún 12 ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé.

Ìyá: Ọmọ mi, mo rí i pé o ti ń dàgbà. Ǹjẹ́ wọ́n ti bá yín sọ ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù nílé-ìwé?

Ọmọ: Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọkùnrin ń rẹ́rìn-ín, kò sì yé mi tán.

Ìyá: Kò burú. Lọ́jọ́ kan, o máa rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ rẹ. Má bẹ̀rù. Kì í ṣe àìsàn, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Wá bá mi lọ́jọ́ náà gan-an. Mo ti tọ́jú aṣọ mímọ́ sílẹ̀ fún ọ nínú àpótí mi.

Ọmọ: Màmá, ẹ má bínú o. Bí ẹnì kan bá ní òun á máa fi alùpùpù gbé mi lọ́fẹ̀ẹ́ ńkọ́?

Ìyá: Ta ni?

Ọmọ: Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n máa ń dúró ní oríta ni.

Ìyá: O ṣeun tí o sọ fún mi. Má gùn ún mọ́. Láti ọ̀la, ìwọ àti ọmọ àǹtí rẹ ni ẹ ó jọ máa rìn. Èmi àti bàbá rẹ yóò lọ kí ọkùnrin náà ní oríta.

Ẹ kíyè sí i: ìyá yìí kò pariwo, kò gbá a létí, kò ní “ìwọ ọmọ burúkú yìí”. Nítorí pé kò bínú ni ọmọ fi tú ohun tí ó wà nínú rẹ̀ jáde. Bí ó bá ti bú u lórí ìbéèrè kìíní ni, kì bá tí gbọ́ èkejì, èkejì yẹn ni ewu wà.

Bàbá pẹ̀lú ní tirẹ̀ láti ṣe. Ẹ mú ọmọkùnrin yín lọ sóko lọ́jọ́ kan, ẹ̀yin méjèèjì péré. Ẹ bi í pé: “Bí ẹnì kan bá ṣe àbúrò rẹ obìnrin báyìí, kí ni ìwọ yóò ṣe?” Ẹ jẹ́ kí ó dáhùn. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún un pé ọmọbìnrin tí òun ń wò náà, àbúrò ẹlòmíràn ni.

BÍ OYÚN BÁ TI DÉ ŃKỌ́?

A mọ̀ pé àwọn kan tí ń ka ìwé yìí, ọ̀rọ̀ náà ti wọ ilé wọn. Ẹ̀yin wọ̀nyí ni a fẹ́ bá sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìfẹ́.

Ẹ má lé ọmọ náà jáde. Ọmọ tí a lé síta ní òru ni ẹlẹ́wé àti olóògùn ń rí mú. Oyún tí wọ́n ń fi ewé tàbí oògùn líle ṣẹ́ ní ìkọ̀kọ̀ ti pa ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin, ó sì ti sọ àwọn mìíràn di àgàn. Ẹ̀mí méjì ni ó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ bínú bí ẹ bá fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó sùn nínú ilé. Ẹ mú un lọ sí ilé-ìwòsàn fún ìtọ́jú aláboyún láìpẹ́. Ẹ lọ bá àwọn ilé-ìwé sọ̀rọ̀. Láti 2022, oyún kì í ṣe ìdí láti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n fi agbára mú un, tàbí olùkọ́ ni, tàbí àgbàlagbà, ẹ má gba owó ẹ̀bẹ̀. Ẹ lè pe nọ́ńbà 1011 lórí fóònù láìsan owó; ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn ọmọdé tí a fìyà jẹ ní Togo.

Nígbà tí ó bá sì bímọ tán, ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ bá a gbé ọmọ náà díẹ̀ kí ó lè padà sí kíláàsì. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

OHUN TÍ A LÈ ṢE NÍNÚ ÌJỌ WA

1. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan yan àkókò kan ní ọ̀sẹ̀ tí òbí àti ọmọ yóò jọ sọ̀rọ̀, kí fóònù gbogbo sì wà ní pípa.

2. Kí ẹgbẹ́ àwọn ìyá àti ẹgbẹ́ àwọn bàbá pe nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí kan wá kọ́ àwọn òbí fúnra wọn. Ẹni tí kò mọ̀ kò lè kọ́ni.

3. Kí ìdílé tí ó ń gbé ní ìlú fojú sí àwọn ọmọ abúlé tí ó gba yàrá nítòsí wọn. Abọ́ oúnjẹ kan ní ọjọ́bọ̀, nígbà tí gàrí ti tán, lè gba ọmọ kan lọ́wọ́ ẹni tí ń ra oúnjẹ fún un nítorí nǹkan mìíràn.

4. Kí a má ṣe fi ọmọbìnrin tí ó ṣubú ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Jésù kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí obìnrin tí wọ́n fẹ́ sọ lókùúta.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá bi yín pé ilé ni tàbí ilé-ìwé, ẹ dá a lóhùn pé méjèèjì ni, ṣùgbọ́n ilé ni ó ṣáájú. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tí ó ti gbọ́ òtítọ́ lẹ́nu ìyá àti bàbá rẹ̀ yóò mọ èyí tí yóò mú àti èyí tí yóò jù sílẹ̀ nínú ohun tí ó bá gbọ́ níta.

Kí Ìdílé Mímọ́ ti Násárẹ́tì, Jésù, Màríà àti Jósẹ́fù, bá wa ṣọ́ àwọn ọmọ wa, kí wọ́n sì fún àwa òbí ní ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ ní àkókò tí ó tọ́. Àmín.